Ta Ló Ni Adé Ẹni Tó Sáré?

Ìjọba kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sáré, kò sì ní apá tí yóò fi ju ọ̀kọ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ ìlú kan bá borí níbi ìdíje àgbáyé, àsíá ìjọba ni wọ́n ń fà sókè, orin orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń kọ, olórí ìlú á sì sáré gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ láti kí i kú oríire. Gbogbo ará ìlú á máa wí pé “a gbà á,” títí kan ẹni tí kò sáré láti ìdí ilé rẹ̀ dé òpópó láti ọdún mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé àwọn wo ni “a” yẹn. Abẹ́ ariwo ayọ̀ yìí ni ìbéèrè tó jinlẹ̀ wà: ògo tí ẹnì kan fi òógùn ara rẹ̀ wá, ta ló ni ín? Ǹjẹ́ ẹlòmíràn, pàápàá ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè yá a lò láìjalè?

Ìdí tí àwọn aláṣẹ fi fẹ́ràn eré ìdárayá kò fara sin. Ìjọba lè kọ́ ilé gogoro, ó lè dá ilé iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀, ó lè sanwó fún akéwì. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé owó rẹ̀ ló ń fọhùn. Eré ìdárayá kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìbọn bá dún, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé òpin. Èyí ló sọ eré di ẹlẹ́rìí tí ayé ń gbà gbọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà aláṣẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni ò lè pàṣẹ fún ni ẹ̀rí rẹ̀ níyì, bẹ́ẹ̀ aláṣẹ kì í fẹ́ràn ohun tí kò lè pàṣẹ fún. Ó fẹ́ kí eré jẹ́ òtítọ́, ó sì tún fẹ́ mọ ibi tí yóò já sí kó tó bẹ̀rẹ̀. Méjèèjì kò ṣeé ní pọ̀.

Ní Olympia, ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ìsìn ni eré. Òrìṣà Zeus ni wọ́n ń ṣe é fún ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, ọdún 776 ṣáájú ìbí Jésù sì ni àwọn Gíríìkì fúnra wọn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. (Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu: ìjàkadì ni wọ́n fi ń ki Ọ̀fà, orò ìlú ni wọ́n sì kà á sí.) Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn eléré, àwọn bàbá wọn àti àwọn olùkọ́ wọn á dúró níwájú ère Zeus kan tó mú ẹdùn ààrá dání lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n á sì búra lórí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pé àwọn kò ní ṣe màgòmágó. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pé ó fowó ra ìṣẹ́gun, owó ìtanràn rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ère idẹ Zeus, tí wọ́n ń tò sójú ọ̀nà tó wọ pápá, kí gbogbo eléré tó bá ń kọjá lè rí i. Ìdí àwọn ère náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní Olympia tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn alágbára. Nínú eré kẹ̀kẹ́-ẹṣin, ẹni tó ni ẹṣin ni wọ́n ń dé ládé, kì í ṣe ẹni tó di ìjánu mú. Olówó ẹṣin lè jókòó sílé kí adé bá a níbẹ̀. Ní ọdún 416 ṣáájú ìbí Jésù, Alcibiades, ọmọ ọlọ́lá kan ní Athens, kó kẹ̀kẹ́ méje wọ inú ìdíje, iye tí ẹnì kan ṣoṣo ò kó wá rí. Ó gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹrin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fi òun ṣe ọ̀gágun lọ sí Sicily, ó rán àwọn ará ìlú létí. Òpìtàn Thucydides ròyìn pé ó ní àwọn Gíríìkì yòókù ti gbà pé ogun ti jẹ Athens tán, àfìgbà tí wọ́n rí ọlá tí òun gbé yọ ní Olympia. Àwọn ará Athens gbọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 413, gbogbo ọmọ ogun tí wọ́n kó lọ sí Sicily ṣègbé. Àwọn ẹṣin Alcibiades yára lóòótọ́. Agbára Athens tí wọ́n fi wọ́n jẹ́rìí sí ni wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nero, ọba Róòmù, kò tilẹ̀ ní sùúrù tó Alcibiades. Wọ́n sún ìdíje síwájú nítorí tirẹ̀ di ọdún 67 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ó gun kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin mẹ́wàá ń fà, ó ré bọ́, wọ́n gbé e padà sí i, kò sì lè sá a débi òpin. Wọ́n dé e ládé. Ó fún àwọn adájọ́ lówó rẹpẹtẹ. Nígbà tó kú, Galba tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní kí wọ́n dá owó padà, wọ́n sì yọ ìdíje ọdún yẹn kúrò nínú ìwé Olympia. Nero gba adé, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nítorí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i nígbà tó ṣubú.

Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian, onígbàgbọ́ kan ní Carthage ní Àríwá Áfíríkà, kọ ìwé láti kìlọ̀ fún àwọn Kristẹni kí wọ́n má ṣe lọ síbi eré. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni ẹni tí wọ́n ń fi eré náà bọ. Ìwé náà le koko, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni lónìí fi ní láti gba gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò tíì gbó. Pierre de Coubertin, ará Faransé tó jí Òlíńpíìkì dìde, tó dá ìgbìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Paris ní 1894, kò fi í pamọ́ pé òun rí eré náà bí irú ẹ̀sìn kan. Ó fún un ní àsíá àti ìbúra. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi iná kún un. Lọ́kàn Coubertin, ọ̀dọ́ gbogbo ayé ni wọ́n ń gbé ga níbẹ̀. Kò pẹ́ tí orílẹ̀-èdè fi wá jókòó sí ojúbọ tí Zeus fi sílẹ̀.

Berlin, ní 1936, ni gbogbo ayé ti rí i kedere. Wọ́n ti gbé ìdíje náà fún Jámánì ní 1931, ọdún méjì kí Adolf Hitler tó dé ipò àṣẹ. Joseph Goebbels, mínísítà ìpolongo, mọ ohun tó lè fi ṣe. Wọ́n kó àwọn pátákó tó ń lé Júù kúrò lójú títì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, àwọn ọlọ́pàá ṣa àwọn ará Roma tó wà ní Berlin jọ, wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ kan ní Marzahn, kí ojú àlejò má baà kàn wọ́n. Ní Oranienburg, ìlú kan tí kò jìnnà sí Berlin, wọ́n ń kọ́ ọgbà ìfìyàjẹni Sachsenhausen lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn gan-an. Iná tí àwọn sárésáré ń gbé láti Olympia bọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìṣẹ̀ṣe àwọn Gíríìkì ni, Carl Diem ló ṣètò rẹ̀ fún ìdíje yìí. Kò sí irú rẹ̀ nínú ìdíje Olympia àtijọ́. Gretel Bergmann, ọmọbìnrin Júù tó fo mítà 1.60 sókè ní oṣù Kẹfà, tó sì bá èyí tó ga jù ní Jámánì dọ́gba, ni wọ́n fi síta bí àmúyangàn kí Amẹ́ríkà má baà kọ̀ láti wá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbéra, wọ́n kọ̀wé sí i pé ohun tó ń ṣe kò dára tó.

Àwọn tó ń sọ ìtàn Berlin máa ń yára dé orí Jesse Owens, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó gba wúrà mẹ́rin, wọ́n á ní ó dójú ti Hitler. Ó dójú tì í lóòótọ́ ní ti pé ẹnu àwọn tó ń sọ pé aláwọ̀ funfun ló ga jù wọhò. Ṣùgbọ́n Jámánì ló gba àmì ẹ̀yẹ tó pọ̀ jù, 89, tí wúrà 33 wà nínú rẹ̀, àlejò púpọ̀ sì padà sílé tí wọ́n ń yin ìmọ́tótó àti ètò ìlú náà. Owens ní tirẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà níbi tí òfin ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ó sì ṣàròyé pé Ààrẹ Franklin Roosevelt kò fi wáyà kankan kí òun. Nígbà tó yá, ó ń bá ẹṣin sáré kó lè rówó jẹun. Orílẹ̀-èdè tó ń fi í yangàn níwájú Hitler kò jẹ́ kó jókòó síbi tó wù ú nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà hàn ju ti Owens lọ ni Sohn Kee-chung. Ọmọ Kòríà ni, ṣùgbọ́n Jàpáàn ti gba ilẹ̀ wọn láti 1910, nítorí náà àsíá Jàpáàn ló fi sáré, orúkọ tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ fún un lọ́nà ti Jàpáàn ni Son Kitei. Ó sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Berlin, eré Márátọ́ọ̀nù, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 19, ó sì gba wúrà. Wọ́n fún un ní ọmọ igi óókù nínú ìkòkò. Nígbà tí orin Jàpáàn ń dún, ó tẹrí ba, ó sì gbé igi náà mọ́ àyà kó fi bo àsíá tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Nam Seung-yong, ọmọ Kòríà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe ìkẹta, sọ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe wúrà lòun jowú, igi yẹn ni, nítorí òun kò rí nǹkan fi bo tòun. Ní Seoul, ìwé ìròyìn Dong-A Ilbo tẹ fọ́tò Sohn jáde, wọ́n sì ti pa àsíá Jàpáàn rẹ́ kúrò láyà rẹ̀. Ìjọba Jàpáàn ti àwọn oníṣẹ́ ìròyìn mọ́lé, wọ́n sì fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́sàn-án.

Aláṣẹ tó ń fi eléré polongo kò lè pinnu ohun tí ara eléré náà yóò sọ. Jàpáàn ní wúrà, ó ní orin, ó ní àsíá. Orí tí Sohn tẹ̀ ba wà nínú fọ́tò kan náà. Nígbà tí Òlíńpíìkì dé Seoul ní 1988, òun ló gbé iná wọ pápá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó ń fò bí ọmọdé. Síbẹ̀, nínú ìwé ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì, Jàpáàn ló ṣì ni wúrà náà.

Ní Ajẹntínà ní 1978, kì í ṣe eléré nìkan ni wọ́n yá lò, ayọ̀ ará ìlú náà ni. Jorge Videla àti àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ìjọba ní oṣù Kẹta ọdún 1976, wọ́n sì ti ń jí ènìyàn gbé: akẹ́kọ̀ọ́, oníṣẹ́ ìròyìn, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi tí wọ́n ń pè ní ESMA, tí wọ́n ti sọ di ibi ìdánilóró, kò tó máìlì kan sí pápá River Plate ní Buenos Aires. Àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ń gbọ́ ariwo nígbà tí góòlù bá wọlé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, Ajẹntínà na Netherlands ní 3–1, wọ́n sì gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ESMA kó díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sínú ọkọ̀ Píjò 504, wọ́n ní kí wọ́n wá wo bí inú ará ìlú ṣe ń dùn. Obìnrin kan lára wọn, tó yè é, ròyìn pé òun bẹ̀ wọ́n kí òun yọrí láti òrùlé ọkọ̀. Ó dìde, ó rí agbo ènìyàn tó ń jó, tó ń kọrin, tó ń dì mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. Ó mọ̀ pé bí òun bá kígbe pé ńṣe ni wọ́n jí òun gbé, kò sẹ́ni tí yóò dá òun lóhùn.

Ṣé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni àwọn tó ń jó? Kò rọrùn láti dáhùn. Ayọ̀ wọn kò ní àbùlà. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń yọ̀ sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì fẹ́ràn ológun. César Luis Menotti, olùkọ́ni ikọ̀ náà, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìjọba; ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé àwọn alápatà, àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn awakọ̀ tó wà ní ìjókòó ni kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún. Síbẹ̀ ọwọ́ Videla ni ife ti kọjá kó tó dé ọwọ́ Daniel Passarella, balógun ikọ̀ náà, fọ́tò náà sì ni ìjọba fẹ́. Ohun tí ìjọba náà kò fẹ́ ni pé kámẹ́rà tó ń wá wo bọ́ọ̀lù lè yíjú síbòmíràn. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí àwọn ìyá tí wọ́n jí ọmọ wọn gbé máa ń rìn yíká ní Plaza de Mayo. Àwọn ará Netherlands kan gbé kámẹ́rà lọ bá wọn, igbe àwọn ìyá náà sì wọ ilé àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ní Yúróòpù.

Nígbà tí ìjọba bá rí i pé ẹlẹ́rìí lè ta kò òun, a máa wá ọ̀nà àtirà á. Jámánì Ìlà-Oòrùn kò ní ju mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n wúrà 40 ló gbà ní Montreal ní 1976, tó ju 34 ti Amẹ́ríkà lọ. Láti 1974 ni ètò ìjọba kan tí wọ́n fi nọ́mbà 14.25 pè ti ń pín oògùn agbárasókè fún àwọn eléré, títí kan àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n sọ fún pé fítámì ni. Ohùn wọn ki bí ti ọkùnrin. Àwọn mìíràn dàgbà tán kí wọ́n tó mọ ohun tó ba ara wọn jẹ́. Ní 2000, ilé ẹjọ́ kan ní Berlin dá Manfred Ewald, ọ̀gá eré ìdárayá ilẹ̀ náà, lẹ́bi. Ní Sochi ní 2014, Rọ́ṣíà lo ihò kékeré kan lára ògiri yàrá àyẹ̀wò: lóru, wọ́n á ti ìgò ìtọ̀ eléré gba inú ihò náà, àwọn ọlọ́pàá inú á ṣí i, wọ́n á fi ìtọ̀ mímọ́ rọ́pò èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀. Láàárín Nero àti ihò ara ògiri yìí, ọgbọ́n ló pọ̀ sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan náà ni, àfi pé èyí tó kẹ́yìn burú jù: Nero fara rẹ̀ já bọ́, àwọn ìjọba yìí fi ara ọmọ ọlọ́mọ san owó ẹ̀rí.

Kí a má sọ pé ibi nìkan ni ìjọba ń fi eré ṣe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1971, ní Nagoya ní Jàpáàn, Glenn Cowan, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, wọ bọ́ọ̀sì àwọn ará Ṣáínà. Orílẹ̀-èdè méjèèjì kò tíì bá ara wọn ṣe pọ̀ láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, títí Zhuang Zedong, ògbóǹtagí wọn, fi dìde láti ẹ̀yìn, tó sì fún àlejò náà ní aṣọ ṣẹ́dà kan tí wọ́n ya òkè Huangshan sí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pe ikọ̀ Amẹ́ríkà wá sí Beijing. Ní oṣù Keje Henry Kissinger, olùdámọ̀ràn Ààrẹ Amẹ́ríkà, yọ́ lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1972 Ààrẹ náà, Richard Nixon, fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ará Ṣáínà mọ̀ ọ́n gbá ju àlejò wọn lọ fíìfíì, wọ́n sì rọra gbá a. Níbi tí ìpolongo ti ń wá ìṣẹ́gun, àjọṣe kì í bìkítà ẹni tó borí. Ohun tó ń wá ni ìdí tí ọ̀tá méjì fi lè jókòó sínú yàrá kan náà láìtijú. Bóyá ìdí nìyí tí eré fi ń ṣe ilẹ̀ láǹfààní jù nígbà tí ìjọba kò bá fi í jẹ́rìí sí nǹkan kan.

Ìgbà tí ìjọba bá ní kí eléré má lọ ni ọ̀rọ̀ máa ń le jù. Ní 1976, lẹ́yìn tí ikọ̀ rúgbì New Zealand lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Gúúsù Áfíríkà tó wà lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, nígbà tí ọlọ́pàá ń yìnbọn fún àwọn ọmọ iléèwé ní Soweto, orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti Áfíríkà, kọ Òlíńpíìkì Montreal sílẹ̀ nítorí pé ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì ò lé New Zealand. Abraham Ordia, ọmọ Nàìjíríà, ni ààrẹ ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà. Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti yege láti kópa. Wọn ò gbá ẹyọ kan. Filbert Bayi ti Tàǹsáníà àti John Walker ti New Zealand, tí gbogbo ayé ń retí pé kí wọ́n wá pàdé nínú eré mítà 1500, kò pàdé. Walker gba wúrà. Ní 1980, Jimmy Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní kí ayé kọ Moscow sílẹ̀ nítorí Soviet ti wọ Afghanistan. Ó rán Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, wá sí Áfíríkà, títí dé Nàìjíríà, láti bẹ̀bẹ̀. Ní Tàǹsáníà, wọ́n bi Ali pé ibo ni Amẹ́ríkà wà nígbà tí Áfíríkà ń jà ní 1976. Kò rí èsì fọ̀. Ẹni tí ìjọba kan náà ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ nítorí pé ó kọ̀ láti lọ jagun ní Vietnam ni wọ́n wá rán níṣẹ́ báyìí. Nàìjíríà lọ sí Moscow.

Ìjìyà eléré kò yàtọ̀ níbi méjèèjì, nítorí náà ìyẹn nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, kọ́ni ní 1785 pé kò tọ́ kí ènìyàn máa lo ẹnìkejì rẹ̀ bí irinṣẹ́ lásán. Ọ̀rọ̀ wà nínú “lásán” yẹn, nítorí ó ṣeé ṣe kí ènìyàn fínnúfíndọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ohun èlò fún ohun tó gbà gbọ́. Nínú ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà, orí pápá gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: dúdú ò lè wọ ẹ̀wù ilẹ̀ rẹ̀, ní 1968 ìjọba John Vorster sì kọ̀ kí ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú Basil D’Oliveira wá nítorí àwọ̀ rẹ̀. Eré tí wọ́n fi àwọ̀ yan ènìyàn sí ti jẹ́ ẹlẹ́rìí èké kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọ̀ láti bá a díje ń gbèjà eré. Moscow kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ sáré níbẹ̀ kò ní ọwọ́ nínú Afghanistan, Soviet kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1989. Anita DeFrantz, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gba idẹ nínú ọkọ̀ wíwà ní Montreal, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ pé ẹ̀tọ́ òun ni láti díje, ó pàdánù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Margaret Thatcher, olórí ìjọba, ní kí wọ́n má lọ, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì wọn ní àwọn ń lọ, Sebastian Coe lọ, ó sì gba wúrà mítà 1500. Kò sí ohun tó wó ní London.

Ẹ̀wù àwọ̀ ewé tí Nelson Mandela, Ààrẹ Gúúsù Áfíríkà, wọ̀ ní pápá Ellis Park ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1995 náà jẹ́ ìpolongo. Nọ́ńbà 6 ti Francois Pienaar, balógun ikọ̀ rúgbì ilẹ̀ náà, wà lẹ́yìn rẹ̀; Gúúsù Áfíríkà ti na New Zealand ní 15–12 nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rúgbì. Ẹ̀wù náà ni ọ̀pọ̀ dúdú ti kórìíra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti Videla ni pé Mandela kò yá ògo ẹnikẹ́ni fún ara rẹ̀. Òun ló gbé iyì tirẹ̀ lọ bá àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀, tó sì fi ara rẹ̀ sínú ewu kí àwọn ẹni tirẹ̀ bínú sí i.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni Mandela àti ìjọba ológun Sani Abacha ní Nàìjíríà kọjú ìjà síra wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Ogoni, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Mandela sọ̀rọ̀ líle, wọ́n sì dá Nàìjíríà dúró nínú àjọ Commonwealth. Super Eagles, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ló ni Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, láti 1994 ní Tùnísíà. Ìdíje ti 1996 yóò wáyé ní Gúúsù Áfíríkà. Ìjọba ní àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n lọ, nítorí ààbò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ìran wọn dára jù nínú ìtàn Nàìjíríà jókòó, Gúúsù Áfíríkà gba ife náà, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà sì fòfin de Nàìjíríà láti má ṣe kópa ní 1998. Kò sí ohun tí bọ́ọ̀lù ṣe nínú ìjà yẹn. Ojú tó ń ti ìjọba ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà gbé.

Ọdún 1996 kan náà ni Òlíńpíìkì Atlanta. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, Chioma Ajunwa fo mítà 7.12, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà. Lọ́jọ́ kejì, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà na Ajẹntínà ní 3–2, lẹ́yìn tí wọ́n ti na Brazil ní 4–3. M.K.O. Abiola, tí wọ́n ń pè ní òpómúléró eré ìdárayá Áfíríkà, wà ní àhámọ́ Abacha nígbà náà. Wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat aya rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí inú wọn ò dùn sí ìjọba rárá fò fún góòlù náà, wọ́n sì fò láìṣàgàbàgebè. Ayọ̀ ṣeé pín. Kò dín kù nítorí pé ẹni búburú ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ẹ̀rí ni kò ṣeé pín. Fífò Ajunwa jẹ́rìí sí ohun kan ṣoṣo, pé lọ́jọ́ yẹn kò sí obìnrin tó fò tó o. Kò jẹ́rìí sí Abacha, kò sì jẹ́rìí ta kò ó. Ìjọba tó kọ́ pápá, tó sanwó olùkọ́, lè gba ìdúpẹ́, ó tilẹ̀ yẹ kó gbà á. Ohun tí kò lè gbà ni kí wọ́n fi àtẹ̀sẹ̀ eléré ṣe ìwé ẹ̀rí ìwà tirẹ̀.

Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì ní tiwọn ń sọ pé eré kò bá òṣèlú ṣe pọ̀, òfin wọn nọ́ńbà 50 sì ka ìfẹ̀hónúhàn léèwọ̀ níbi ìdíje. Ní 1968 ní Mexico City, Tommie Smith àti John Carlos, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè lórí pèpéle nígbà tí orin ilẹ̀ wọn ń dún. Wọ́n lé wọn kúrò ní ìdíje. Avery Brundage, tó jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn, ló ṣáájú ikọ̀ Amẹ́ríkà lọ sí Berlin ní 1936, níbi tí àwọn ọmọ Jámánì ti ń na ọwọ́ kí Hitler lórí pèpéle, tí kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àsíá àti orin kì í ṣe òṣèlú lójú wọn. Ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ènìyàn ni òṣèlú. Ní oṣù Keje ọdún 2021, kí ìdíje Tokyo tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀: eléré lè fi èrò rẹ̀ hàn lórí pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lórí pèpéle, níbi tí àsíá ti ń gòkè, ó ṣì jẹ́ èèwọ̀.